HRT kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo: àlàyé fún ẹ̀yin tí nǹkan oṣù yín ti ń dáwọ́ dúró

Tí obìnrin kan bá ṣèèṣì sọ láàárín ẹgbẹ́ pé dókítà fẹ́ kí òun máa lo họ́mọ̀nù nítorí ooru tó ń bo òun, kó tó sọ̀rọ̀ tán ẹnì kan á ti ní "hà, jẹjẹrẹ ni wọ́n fẹ́ kó bá ẹ yẹn o", ẹlòmíì á ní àǹtí òun tó wà ní London ti ń lò ó tipẹ́ tí ara rẹ̀ sì dá ṣáká, ẹni kẹta á ní ṣebí àwọn ìyá wa ò lo nǹkan kan. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn lè má sọ nípa oògùn kan náà rárá. HRT tí gbogbo èèyàn ń pè yẹn, ìyẹn kí wọ́n fi họ́mọ̀nù dí èyí tó ti ń gbẹ nínú ara, oríṣiríṣi ni. Èyí tí wọ́n ń gbé mì wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí (patch) wà, jẹ́ẹ̀lì wà, òmíì ò sì kọjá ojú ara nìkan, ewu tó wà nínú ọ̀kan kọ́ ló wà nínú èkejì. Mo fẹ́ ká tú u palẹ̀ dáadáa torí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jẹ ìyà tí kò yẹ kí wọ́n jẹ, àwọn kan náà sì wà tó ń lo ohun tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dáwọ́ dúró. Tí oṣù 12 bá gbára kọjá tí ẹ ò rí i rárá ni wọ́n tó ń sọ pé mẹ́nópọ́ọ̀sì ti dé, àmọ́ wàhálà rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú, nígbà tí nǹkan oṣù ṣì ń wá ségesège. Ilé ẹyin ló ń pèsè estrogen, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ̀nù obìnrin, bó bá sì ti ń dín in kù, ibi tó ń ṣètò ìgbóná ara nínú ọpọlọ ò ní lè fara da ìyípadà díẹ̀ mọ́, ara ò tíì gbóná kọjá bó ṣe yẹ tí ọpọlọ á ti pàṣẹ pé kí òógùn máa tú jáde. Bí ooru ṣe máa ń dédé gbéra láti àyà dé ojú nìyẹn, aṣọ á rin, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ òtútù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn. Òru ló máa ń burú jù. Oorun á dá, inú á máa tètè bí èèyàn, oríkèé á máa dunni, èèyàn á máa gbàgbé nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Nílé wa lọ́hùn-ún, ibà ni ọ̀pọ̀ máa ń pè é, wọ́n á lo oògùn ibà lóṣù yìí, wọ́n á tún lò ó lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ní ó ti di táífọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìgbà tí nǹkan oṣù wá kẹ́yìn lọ́wọ́ màmá náà.

Wọ́n á ní ẹ ṣe sùúrù, kò ní pẹ́ lọ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SWAN ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lọ́dún 2015 pé láàárín àwọn tí ooru yìí ń yọ lẹ́nu gan-an, ìdajì wọn ló bá a fínra ju ọdún 7 lọ, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni tiwọn sì pẹ́ jù, ó lé ní ọdún 10. Ọdún mẹ́wàá gbáko láìrí oorun sùn, tí èèyàn tún ń lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́, n ò rò pé ó yẹ ká máa fi sùúrù nìkan wò ó.

Estrogen ni oògùn tó ń lé ooru náà lọ, kò sí nǹkan míì tó tó o láti ṣiṣẹ́ yẹn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìbéèrè kan wà tí gbogbo ìyókù dá lé: ṣé ilé ọmọ yín ṣì wà nínú, àbí wọ́n ti yọ ọ́? Lára ẹni tó ní ilé ọmọ, estrogen láìsí progesterone, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin kejì, dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí oko tí kò sẹ́ni tó ń ro ó, inú ilé ọmọ á máa nípọn sí i, á máa nípọn sí i, tó bá pẹ́ ó lè di jẹjẹrẹ. Kì í ṣe àbá lásán o. Estrogen nìkan ni ọ̀pọ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà ń lò nígbà kan, lọ́dún 1975 ni ìwádìí jáde pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń pọ̀ lára wọn, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi progesterone tì í lẹ́yìn kó lè máa dáàbò bo ilé ọmọ. Nítorí náà ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kúrò, bóyá torí ìju, estrogen nìkan tó fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ lo méjèèjì pọ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nìyí, torí ẹ máa rí i tí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ máa fún àbúrò ní patch tiẹ̀ pé "gbà, ó dáa gan-an, mo ń sùn báyìí", àbúrò ní ilé ọmọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ku ìdajì oògùn.

Tó bá ti di pé ẹ máa lo méjèèjì, ìgbà tí nǹkan oṣù wá kẹ́yìn ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa tò ó. Tí kò bá tíì pé ọdún kan, estrogen ojoojúmọ́ ni, progesterone á wá wọlé fún nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14 lóṣù, ẹ̀jẹ̀ á sì máa wá lẹ́yìn rẹ̀ bíi nǹkan oṣù. Tó bá ti lé ní ọdún kan, ojoojúmọ́ ni méjèèjì, kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa wá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa kán tó-tó láàárín oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́.

Progesterone náà ò rí bákan náà. Èyí tó rí gẹ́lẹ́ bíi ti inú ara, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Utrogestan ní Bìrìtéènì àti Prometrium ní Amẹ́ríkà, òru ni wọ́n ń lò ó torí ó máa ń múni sùn, ìyẹn gan-an sì ti wúlò fún ẹni tí oorun ti sá lójú rẹ̀. (Òróró ẹ̀pà wà nínú Prometrium, ẹni tí ara rẹ̀ ò gba ẹ̀pà, ẹ sọ fún dókítà.) Àwọn tí wọ́n ṣe lọ́nà mìíràn, bíi medroxyprogesterone àti norethisterone, ń dáàbò bo ilé ọmọ dáadáa, àmọ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì àti jẹjẹrẹ ọyàn, ọ̀pọ̀ dókítà ló ń fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ yẹn jù báyìí. Mirena tún wà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń fi sínú ilé ọmọ fún ìfètòsọ́mọbíbí, ó lè ṣiṣẹ́ progesterone fún nǹkan bí ọdún 5. Fún obìnrin tí kò tíì dá nǹkan oṣù tán tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ gan-an, mo rò pé òun ló dáa jù nínú gbogbo wọn, torí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, kò ní jẹ́ kó lóyún, ó sì ń ṣọ́ ilé ọmọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí pé HRT fúnra rẹ̀ kì í dènà oyún o. Ẹni tí kò tíì pé 50 nígbà tí nǹkan oṣù wá kẹ́yìn ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra fún ọdún 2 sí i, ẹni tó ti lé ní 50, ọdún 1.

Ó tún ku ọ̀nà tí estrogen máa gbà wọlé, àwọn èèyàn kì í sì í ka ìyẹn sí, bẹ́ẹ̀ òun ló yàtọ̀ jù. Oníhóró tí ẹ gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ kó tó dé ibòmíì, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí estrogen bá ti dé ibẹ̀ á máa ṣe wọn lọ́pọ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ń gbé mì fi ń fi kún ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kó sì gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó gba awọ ara wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló lọ tààrà. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin tó ń lọ rí dókítà ní Bìrìtéènì wò, èsì tó jáde nínú BMJ, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn kan, lọ́dún 2019 sì sọ pé èyí tó ń gba awọ ara ò fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì. Nítorí náà tí ara yín bá tóbi, tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ ń mu sìgá, tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń da yín láàmú, tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ẹnì kan nínú ìdílé yín lẹ́sẹ̀ rí, awọ ara ni kí ẹ béèrè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn kọ oníhóró fún yín torí pé òun ló wà nílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn lè lo oníhóró, ó rọrùn, owó rẹ̀ sì máa ń dín. Nínú àwọn oníhóró yẹn, Premarin ló ti pẹ́ jù, wọ́n ti fàṣẹ sí i ní Amẹ́ríkà láti 1942, inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n ti ń mú un jáde. Ẹni tí ìyẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn, estradiol wà, oríṣi estrogen míì ni, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹṣin, ó sì rí bíi ti inú ara wa gẹ́lẹ́.

Patch, ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ìdí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe orí ọyàn láéláé, òmíì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, òmíì lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí oòrùn ti ń mú tí èèyàn ń làágùn láti àárọ̀ dalẹ́ ó lè máa ṣí kúrò, kí ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbẹ dáadáa, ẹ má fi òrí tàbí ìpara kankan pa ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ṣì ń ṣí, jẹ́ẹ̀lì ló kù, apá tàbí itan ni ẹ máa fi ra, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wọṣọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré tàbí bàbá fara kan ibẹ̀ kó tó gbẹ torí họ́mọ̀nù náà á ràn mọ́ wọn lára. Mo fẹ́ràn jẹ́ẹ̀lì torí pé èèyàn lè fi kún un díẹ̀díẹ̀ tàbí kó dín in kù bí dókítà bá ṣe sọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ojú ara. Nílẹ̀ wa, tí obìnrin bá ti ní ọmọ-ọmọ, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò yẹ kó máa bá ọkọ sùn mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ojú ara ń dùn ún, òun náà ò sì ní sọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya nìkan. Bí estrogen bá ti lọ, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á gbẹ, á máa yún, á máa ta èèyàn tó bá ń tọ̀, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lójijì, kòkòrò á sì máa wọ inú àpò ìtọ̀ léraléra. Ooru máa ń lọ tó bá yá o, èyí kì í lọ fúnra rẹ̀, ńṣe ló ń burú sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè. Àwọn màmá kan wà tí wọ́n ti lo oògùn apakòkòrò lọ, lo oògùn apakòkòrò bọ̀, tí gbogbo ohun tí wọ́n nílò jẹ́ estrogen kékeré tí wọ́n ń fi sí ojú ara. Ó wà bí ìpara, ó wà bí hóró pínńpín tí wọ́n ń kì bọ ibẹ̀, ó sì wà bí òrùka rírọ̀ tó lè wà níbẹ̀ fún oṣù 3. Ìwọ̀nba ló wà nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò nílò progesterone kódà tí ilé ọmọ bá wà, àwọn tó ń lò ó ò sì ní jẹjẹrẹ ọyàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Kò lè lé ooru lọ, ìyẹn ni kò lè ṣe. Ẹni tí ooru àti gbígbẹ ojú ara jọ ń bá fínra lè lo patch kó tún lo ti ojú ara pọ̀. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, kó kọ́kọ́ bá dókítà jẹjẹrẹ rẹ̀ sọ ọ́. Ní Bìrìtéènì, láti ọdún 2022 ni àwọn obìnrin tó ti pé 50, tí nǹkan oṣù wọn ti dá, ti lè lọ bá onímọ̀ oògùn ní kẹ́mísì láti ra Gina, ìyẹn hóró estrogen tí wọ́n ń kì bọ ojú ara, láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Tí màmá yín bá ń ráhùn pé ìtọ̀ ń ta òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ṣé ẹ wá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rù jẹjẹrẹ yẹn ti wá? Oṣù keje ọdún 2002 ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní WHI ní Amẹ́ríkà fún àwọn obìnrin tó ní ilé ọmọ ní oríṣi kan ṣoṣo, Premarin pẹ̀lú medroxyprogesterone nínú hóró kan náà, obìnrin 16,608 ló kópa, ìdajì gba oògùn, ìdajì gba hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n dá a dúró láìtó àkókò. Nínú obìnrin 10,000 láàárín ọdún kan, àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn fi 8 lé, rọpárọsẹ̀ fi 8 lé, ẹ̀jẹ̀ dídì ní ẹ̀dọ̀fóró fi 8 lé, àìsàn ọkàn fi 7 lé, àwọn tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́ wá fi 5 dín, jẹjẹrẹ ìfun fi 6 dín. Redíò àti ìwé ìròyìn gbé e kiri ayé, àwọn obìnrin da oògùn wọn nù lọ́jọ́ kan. Ohun tí wọn ò pariwo rẹ̀ tó ni pé àwọn obìnrin tó kópa ti tó ẹni ọdún 63 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba, ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan oṣù ti dá lára wọn tipẹ́, oníhóró sì ni gbogbo wọn lò. Apá kejì ìwádìí náà, ti àwọn tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn tí wọ́n lo estrogen nìkan, dúró lọ́dún 2004: rọpárọsẹ̀ lọ sókè, jẹjẹrẹ ọyàn ò lọ sókè. Nígbà tí wọ́n wá fi ọjọ́ orí pín èsì náà, ó hàn pé ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì ju ọdún 10 lọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, oore tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ewu lọ fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

N ò ní tìtorí ìyẹn sọ pé kò sí ewu ọyàn, torí ó wà. Àkójọ ìwádìí tó jáde nínú Lancet, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn míì, lọ́dún 2019 sọ pé tí obìnrin ẹni ọdún 50 bá lo estrogen àti progesterone ojoojúmọ́ fún ọdún 5, nínú 50 tó lò ó báyìí, ẹnì kan máa ní jẹjẹrẹ ọyàn tí kì bá ti ní in kó tó pé ẹni 70. Tó bá jẹ́ èyí tí progesterone ń wọlé tó ń jáde lóṣooṣù, ẹnì kan nínú 70. Estrogen nìkan, ẹnì kan nínú 200. Bí ọdún tí wọ́n fi lò ó bá ṣe ń gùn ni ewu náà ń pọ̀ sí i. Ní November 2025, FDA, ìyẹn àjọ tó ń fàṣẹ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn máa yọ ìkìlọ̀ ńlá ti àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ ọyàn àti ìgbàgbé ọjọ́ ogbó kúrò lára àwọn oògùn yìí, wọ́n fi ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ ilé ọmọ sílẹ̀ lára estrogen tí wọ́n bá ń lò láìsí alábàárìn. Ẹ kíyè sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n lò ó: ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lójú ara rẹ̀ tí wọn ò tíì mọ ìdí, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò sí nínú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kí wọ́n fi oògùn bá a wí, lẹ́yìn náà ẹ lè lo ti awọ ara. Ìju náà ò ní kí ẹ má lò ó, àmọ́ estrogen lè mú un dàgbà sí i, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ wá dá kó tó pé 40, tàbí tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ ní kékeré, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ìbẹ̀rù 2002 ò kàn án. Ara rẹ̀ ṣì nílò họ́mọ̀nù yẹn títí di nǹkan bí ọdún 51, torí egungun àti ọkàn rẹ̀, tí wọn ò bá fún un ló ń léwu.

Ẹni tí kò lè lo họ́mọ̀nù ò ní láti pa ọwọ́ mọ́ra. Venlafaxine, gabapentin àti oxybutynin máa ń dín ooru kù, oògùn tuntun tó ń jẹ́ fezolinetant náà wà tí FDA fàṣẹ sí ní May 2023, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò fún ẹni tó bá ń lò ó. Tibolone wà ní Bìrìtéènì àti Yúróòpù, kò sí ní Amẹ́ríkà, hóró kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mọ̀nù mẹ́ta, àmọ́ fún àgbàlagbà tó ti lé ní 60 ó ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀. Ti àwọn tó ń po họ́mọ̀nù fúnra wọn tí wọ́n ní "àdánidá ni", tàbí tí wọ́n ń rì í sábẹ́ awọ, n ò fọwọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó ń yẹ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ wò. Ohun kan náà ni mo máa sọ fún ẹni tó ń po àgbo mọ́ ọn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ìwé kan wà láti April 2023 tí owó rẹ̀ jẹ́ iye tí ẹ máa san fún oògùn méjì péré, á bo gbogbo oògùn HRT tó wà lórí àkọsílẹ̀ wọn fún odindi ọdún kan, ẹ béèrè rẹ̀ ní kẹ́mísì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè bóyá ilé oògùn tí ẹ ń lọ á máa ní in déédéé, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á lórí àtẹ. Ẹni tó sì ń retí kí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí progesterone bá kọ́kọ́ tán, ẹ má máa bá estrogen nìkan lọ nígbà tí ẹ ń dúró de àpótí, ẹ pe dókítà yín. Oṣù 3 ló yẹ kí wọ́n fún un kí wọ́n tó sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ padà lọ lọ́dọọdún, kò sí ọjọ́ orí kan pàtó tí wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wá lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá fún ọdún kan, tàbí tó ṣì ń wá lẹ́yìn oṣù 6 tí ẹ ti ń lo méjèèjì lójoojúmọ́, bó kéré bó pọ̀, kí wọ́n yẹ inú ilé ọmọ yín wò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.